Ẹ̀jẹ̀ Kan Náà, Èsì Méjì

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò hápíìsì, àrùn egbò ojú ara, lé lọ́wọ́, tí nọ́mbà inú rẹ̀ kò sọ pé ó wà, tí kò sì sọ pé kò sí, má tíì pe ẹnikẹ́ni. Má tíì bá ọkọ jà, má tíì lé ìyàwó, má sì tíì kó ẹbí jọ. Kọ́kọ́ ka ohun tí ojú mi rí. Èmi ti kó ẹbí jọ kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Epo pupa ni mò ń tà ní Òkìtìpupa. Mo máa ń rà á ní àwọn ẹbu tí wọ́n ti ń ṣe epo ní Akótogbo àti agbègbè Ìrẹ̀lẹ̀, n ó gbé e wálé, àwọn oníbàárà mi láti Èkó á wá kó o. Ẹni tó bá ti ṣe òwò yìí fún ọdún mẹ́rìndínlógún bíi tèmi kì í tètè gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Àwọn kan á da omi sí epo, àwọn kan á fi èyí tó ti kan lú èyí tó dára, wọ́n á sì gbé Bíbélì búra lé e lórí. Nítorí náà mo ní ọgbọ́n kan. N ó bu epo láti inú kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo sínú ìgò méjì, n ó gbé méjèèjì síwájú ẹni tó ń tà á, n ó ní kó sọ èyí tó dára jù. Bí ó bá ti yan ọ̀kan, mo mọ̀ pé kì í ṣe epo ló ń wò, ojú mi ló ń wò. Ìyá Dàpọ̀ ni wọ́n ń pè mí lójú, ṣùgbọ́n lẹ́yìn mi, Ìyá Afura ni. Kò dùn mí. Ìfura loògùn àgbà.

Ìgbà òjò ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Mo ti Akótogbo dé, ara mi gbóná, ìdí ń ro mí, ìtan mi òsì sì ń jó mi bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Mo rò pé ibà ni, mo lo oògùn ibà. Ní ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń tọ̀, omi bọ́ lójú mi. Mo mú dígí, mo wo ara mi. Egbò wẹ́wẹ́ tó lómi nínú ló ṣù jọ sí ojú ara mi. Mo jókòó sílẹ̀ nínú balùwẹ̀. Ẹ̀rù bà mí dé ibi tí mi ò lè sọ.

Mo kọ́kọ́ fura sí ilé ìtọ̀ ẹbu. Mo fura sí ọṣẹ tuntun tí mo rà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi ni mo ń wò.

Ọmọ Ìlàjẹ ni ọkọ mi. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe. Bí wọ́n bá pè é sí etí òkun, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà. Ta ló ń dáná fún un níbẹ̀? Ibo ló ń sùn? Fún ọdún mẹ́rìnlá tí a ti fẹ́ ara wa, èsì kan náà ló máa ń fún mi: "Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń sùn, Ìyá Dàpọ̀, lórí bẹ́ǹṣì." Ó kù bí ọjọ́ mẹ́sàn-án kí egbò yìí yọ ló ti odò dé. Mo ka ọjọ́ náà lórí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Èrò ti kún orí bẹ́ǹṣì kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Obìnrin tó ń gba káàdì kì í bèèrè ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kí ló ń ṣe yín, Màmá?" ló pariwo. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí obìnrin kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Bí wọ́n ṣe fi mí sí ìlà àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru nìyẹn. Ọ̀sán pọ́n kí ó tó kàn mí, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní ó dára, wọ́n ní kí n máa lọ sílé. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọjọ́ márùn-ún ni mo tún fi ń wo ara mi nínú dígí kí n tó padà lọ.

Ìgbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, egbò ti gbẹ. Dókítà obìnrin kan ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ó yẹ̀ mí wò, ó mi orí. "Màmá, ká ní ẹ wá nígbà tó ṣì lómi ni, òwú la ò bá fi nù ún, òwú yẹn ni ì bá sọ òótọ́ fún wa. Ó ti gbẹ báyìí. Ẹ lọ ṣe ti ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀jẹ̀ lè má tíì mọ nǹkan kan." Mo gbọ́ gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, mi ò sì fi sọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ fi sọ́kàn.

Ọmọkùnrin tó wà ní láàbù fún mi ní ìwé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ìlà méjì ló wà níbẹ̀. Ó ní ìlà kan ń sọ bóyá àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ìyẹn sì ní ó wà. Ó ní èkejì ń sọ bóyá ó ti pẹ́, nọ́mbà ti ìyẹn wá wà láàárín méjì.

"Àárín báwo?" mo bi í.

"Kò dájú, mà. Kò tó kí a ní ó wà, ó sì ju kí a ní kò sí. Ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta."

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Epo kì í wà láàárín: ó lómi tàbí kò lómi. Mo ní lọ́kàn mi pé owó ẹ̀ẹ̀kejì ni eléyìí ń wá. Ṣùgbọ́n ìlà àkọ́kọ́, èyí tó ní àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ìyẹn ni mo gbà gbọ́, nítorí ohun tí mo ti ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ ló sọ. Ẹ ò rí i pé afura náà ní ibi tí ojú rẹ̀ fọ́ sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọlọ́pàá nínú ilé mi. Mo tú àpò aṣọ ọkọ mi, mo gbọ́ òórùn kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, mo ka gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ̀. Orúkọ àwọn tó ni ọkọ̀ ló kún ibẹ̀, èmi sì ń rò pé obìnrin ló fi orúkọ ọkùnrin pa mọ́. Nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ mo rí oògùn ìpara kan tí wọ́n ti tẹ̀ dé ìdajì.

"Kí lẹ fi eléyìí ń ṣe, Bàbá Dàpọ̀?"

Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti jó o wà níbẹ̀. "Iná ni. Kí lo rò pé ó jẹ́?"

Mo gbé ìwé láàbù síwájú rẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní òun kò mọ obìnrin kankan lẹ́yìn mi. Mo ní irọ́ ni. Mo kó lọ sí yàrá àwọn ọmọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Díákónì. Mo ní kí wọ́n pe ìpàdé ẹbí.

Wọ́n pè é. Ènìyàn mẹ́jọ ló jókòó sí pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n Díákónì. Mo tú ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo ní kí ọmọ wọn sọ ibi tí ó ti rí àrùn tí ó kó wá bá mi. Bàbá Dàpọ̀ ní òun kò ṣe nǹkan kan. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Ta ni yóò gba ọkùnrin tí kì í sùn sílé gbọ́? Ẹ̀gbọ́n Díákónì dìde, ó ní, "O ti fi ulé wa ṣẹ̀sín. Má ṣe bá mi jẹun mọ́." Inú àwo kan ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú. Mo rí ojú ọkọ mi nígbà yẹn. Mo ní ó tọ́ sí i. Ó lọ ń gbé ní ìsọ̀ tí ó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Bùsọ́lá, gbọ́, tí ó sì ti Òṣóòrò wá pẹ̀lú ìgò mẹ́ta. Ọ̀kan fún mímu, ọ̀kan fún fífọ ìdí, ọ̀kan èpo igi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. "Ọma ìye mi," ló ní, "èyí éè ṣe àrùn ulé ìwòsàn. Fi ìwé yẹn sílẹ̀. Ọghọ́ ẹni tó fún mi ní nǹkan yìí, ó ti wo ènìyàn púpọ̀ sàn."

"Àwọn wo?"

"Ghọ́n pọ̀."

"Dárúkọ ẹnì kan."

Kò rí orúkọ kankan dá, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún pé mo ti fẹ́ kú kí n tó gbà. Nítorí ẹkún rẹ̀ ni mo ṣe fọ ìdí pẹ̀lú èyí tó wà fún fífọ. Ó bó mi lára. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò lè jókòó dáadáa, gbogbo ẹbu sì ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń dúró. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìfẹ́ bó ẹnikẹ́ni lára.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nọ́mbà àárín yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo ní n ó dán àwọn oníláàbù wò bí mo ṣe ń dán àwọn tó ń ta epo fún mi wò. Mo wá láàbù mìíràn tí wọn kò ti mọ̀ mí. Ní àárọ̀ mo wọlé pẹ̀lú orúkọ ọkọ mi, mo wé gèlè. Ní ọ̀sán, nígbà tí àwọn tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ ti lọ, mo padà wá pẹ̀lú orúkọ bàbá mi, mo de wíìgì, mo wọ awò ojú. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní apá ọ̀tún ní àárọ̀, mo na apá òsì fún wọn ní ọ̀sán kí wọ́n má baà rí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà.

Èsì dé. Ìyàwó Bàbá Dàpọ̀ ní hápíìsì. Ọmọ bàbá mi kò ní.

Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ wọ́n. Mo kó gbogbo ìwé náà, mo gba ilé ìwòsàn lọ, mo tò wọ́n sórí tábìlì dókítà. Mo ní, "Dókítà, gbájúẹ̀ ni gbogbo yín. Ẹ sọ èyí tó dára jù nínú méjì yìí."

Kò bínú. Ó wo ìwé kan, ó wo èkejì, ó bi mí bóyá ènìyàn méjì ni. Mo ní èmi nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, àwa dókítà kì í ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe yìí." Ó fi nọ́mbà méjèèjì hàn mí. Wọn kò jìnnà síra wọn rárá: ààlà ló wà láàárín wọn, ọ̀kan fẹ̀yìn ti ààlà níhìn-ín, èkejì fẹ̀yìn tì í lọ́hùn-ún. Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í wá kòkòrò àrùn náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ara fi ń bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì lè gbà tó oṣù mẹ́ta kó tó pọ̀ tó ohun tí wọ́n lè rí. Bí nọ́mbà bá ga gan-an, ènìyàn lè gbà á gbọ́. Bí ó bá wà nítòsí ààlà, ó lè jẹ́ pé àrùn wà, ó sì lè jẹ́ pé kò sí rárá. Wọn kì í fi ẹ̀ẹ̀kan pinnu, oríṣi àyẹ̀wò mìíràn ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó wá mú bírò, ó fa ìlà gbọọrọ sórí ìlà àkọ́kọ́ inú ìwé láàbù àkọ́kọ́, èyí tó ní àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. "Eléyìí, ẹ má kà á sí. Ó máa ń parọ́. Egbò ẹnu tí ẹ ní ní kékeré lè mú kó sọ pé ó wà. Àrùn tó ti pẹ́ lára náà lè mú kó sọ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ilé tí èyí ti tú kò níye."

Mo tẹjú mọ́ ìlà náà. Orí ìlà yẹn ni mo dúró lé ní pálọ̀ Ẹ̀gbọ́n Díákónì.

"Dókítà, èwo ló wá ń sọ ẹni tó kó o ran ènìyàn?"

"Kò sí. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ ìyẹn. Kò sì sọ ọjọ́. Bí egbò yẹn bá tún yọ, Màmá, ẹ má fi nǹkan kan kàn án. Ẹ sáré wá. Ẹ má sì sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni."

Ó tún yọ lóòótọ́. Mo wà ní ẹbu ní Akótogbo, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé epo kalẹ̀ fún mi ni, ni ìtan òsì tún bẹ̀rẹ̀ sí jó mi. Mo fi epo sílẹ̀ níbẹ̀, mo gun ọ̀kadà dé ojú títì, mo wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa. Nígbà tí obìnrin oníkáàdì pariwo bi mí pé kí ló ń ṣe mí, mo ní egbò ni, lójú ara. Gbogbo bẹ́ǹṣì yí ojú padà. Wọ́n fi òwú nù ún, wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ èsì dé: ó wà. Hápíìsì ni, irú tó ń gbé ìsàlẹ̀. Oríṣi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kejì náà sọ ohun kan náà, nọ́mbà rẹ̀ sì ga.

Dókítà ní kí n mú ọkọ mi wá. Mo pè é. Ó dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, kò bá mi sọ̀rọ̀ jìnnà, ó na apá fún wọn. Wọ́n ṣe tirẹ̀, wọ́n ní kò sí. Nítorí pé mo mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, mo ní kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó tún na apá. Kò sí. Nọ́mbà tirẹ̀ kò sún mọ́ ààlà lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Dókítà ṣe àlàyé fún wa pé àrùn yìí lè sùn sí ara ènìyàn fún ọdún mẹ́wàá, ó lè tó ogún, láìyọ egbò kan, kó tó jí lọ́jọ́ tí ara bá rẹ̀ ẹ́, nọ́mbà rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ sì lè kéré nígbà tó bá ń sùn. Mi ò gbọ́ ìyókù. Mo ti ń rántí tíṣà kan tí wọ́n gbé wá sí Òṣóòrò nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún. Oṣù mẹ́fà ni a fi mọ ara wa. Nígbà tí Bàbá Dàpọ̀ wá fẹ́ mi, ó bi mí bóyá ẹnì kan ti wà ṣáájú òun. Mo ní kò sí. Mo wo ojú rẹ̀ sọ ọ́, èmi tí mò ń lé àwọn tó ń da omi sí epo kiri. Ojú tì mí ní ọ́fíìsì dókítà yẹn ju bó ṣe tì mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wo dígí.

Ní ọ̀nà ilé mo sọ ọ̀rọ̀ tíṣà náà fún un. Mo ní n ó lọ sí Ìgbọ́kọ̀dá, n ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn mẹ́jọ náà, n ó sọ pé kì í ṣe òun ló kó àrùn náà wálé.

Ó ní, "Bí o bá ní kì í ṣe èmi, wọ́n á bi ọ́ pé ta ni. Ẹnu wọn kò ní kúrò lára rẹ títí o fi máa kú. Jẹ́ kó wà lọ́rùn mi bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára."

Mo gbà. Kí n má parọ́ fún yín, mo gbà kíákíá. Mo sì tún fura sí i. Kí ló dé tí ènìyàn yóò fi ru ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá? Kí ló fi ń bò mọ́lẹ̀? Ó ti padà wá sílé nígbà náà, ṣùgbọ́n fún oṣù mélòó kan mo tún ń yọ́ fóònù rẹ̀ wò. Mo pe òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní etí òkun, mo bi í níbi tí atúnẹ́ńjìnnì ń sùn tó bá wá. Ọkùnrin náà ní, "Inú ṣọ́ọ̀ṣì, orí bẹ́ǹṣì." Mo wá rí i pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ ohun tí ọkọ mi ṣe yìí, àfi pé ó fẹ́ràn mi, tí èmi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú rẹ̀.

Bí ara mi ti wà nísinsìnyí: egbò náà máa ń yọ bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, pàápàá bí mo bá rìn jù. Bí ìtan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí jó mi, mo ní oògùn tí dókítà kọ fún mi, n ó lò ó kíá, kì í sì pẹ́ kó tó lọ. A ń lo rọ́bà, a kì í sì súnmọ́ ara wa rárá nígbà tí egbò bá wà. Kò pa mí, kò sì dí òwò mi lọ́wọ́. Ìwọ tí ìwé rẹ wà láàárín, ó lè máà jẹ́ pé o ní in rárá, bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ pé o ní in. Fún un ní oṣù mẹ́ta, tún un ṣe, béèrè oríṣi àyẹ̀wò kejì. Bí egbò bá yọ, sáré lọ kó tó gbẹ. Bí o bá fẹ́ fura, fura sí ìwé náà kí o tó fura sí ẹni tí ẹ jọ ń sùn.

Ọdún kejì rèé tí Ẹ̀gbọ́n Díákónì kò tíì bá àbúrò rẹ̀ jẹun. Ní Kérésìmesì tó kọjá, mo rí ọkọ mi tó jókòó sí ìta pẹ̀lú àwo tirẹ̀ nígbà tí àwọn tó kù wà nínú ilé. Mo sọ fún un pé n ó kọ eléyìí. Ó ní ọwọ́ mi ló wà. Mo mọ̀ pé yóò dé Ìgbọ́kọ̀dá, ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn.

Ọkọ mi kò ní àrùn yìí, kò sì ní in rí. Èmi ni mo gbé e wọ ilé rẹ̀ láìmọ̀, èmi náà ni mo sì pe ìpàdé lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kó wá bá yín jẹun.